Àyè Tó Ṣófo Lójú Ewé Bàbá Ẹ̀bùn

Ẹni tó wọ inú ìkànnì ìdílé Oyèédélé kò jí ohunkóhun, ohun tó sì bà wọ́n lẹ́rù jù nìyẹn. Bí olè bá kó nǹkan lọ, a ó kúkú mọ ohun tó bá wá. Ṣùgbọ́n èyí wọlé, ó fi nǹkan tirẹ̀ kún ti onílé, ó tilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́rìnlá ló ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méje kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni Olúwatọ́mi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní apátímẹ́ǹtì mi ní Westchase. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ìjọ Aládùúrà kan náà la jọ ń lọ, òun ló sì kọ́ ìkànnì náà fún ìdílé bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti wú. Mo mọ̀ pé oorun kọ́ ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì Zion, ẹ gbà mí o. Uncle Sọjí ní èmi ni mo fún olè ní password."

"Jókòó ná. Ṣé o ti jẹun?"

"Mi ò lè jẹun, ma."

Mo gbé tíì àti búrẹ́dì síwájú rẹ̀, ó sì jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mojọlá lorúkọ mi; Mọ́mì Zion ni wọ́n ń pè mí ní ìjọ. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi bá iléeṣẹ́ adójútòfò kan ṣiṣẹ́ ní ìlú Houston yìí. Bí èèyàn bá ní omi wọ ilé òun, èmi ni wọ́n ń rán lọ wo ògiri, kí n lè mọ̀ bóyá omi òjò ló wọlé lóòótọ́ ni àbí omi tí onílé fúnra rẹ̀ fi rọ́bà fọ́n. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ wa kò jẹ́ kí n gbádùn ara mi. Bí ìkòkò ìrẹsì bá sọnù níbi ìdáná, èmi ni wọ́n ń pè.

Olúwatọ́mi ṣí ìkànnì náà. Kì í ṣe iwájú tí gbogbo ayé ń rí ló fi hàn mí o, ẹ̀yìn ni, níbi tí àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti ń kọ nǹkan. Gbogbo ọmọ ilé Oyèédélé, àti ààyè àti òkú, ló ní ojú ewé tirẹ̀ níbẹ̀, èèyàn mọ́kànlélógójì. Bí Olúwatọ́mi ṣe tò ó níbẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta péré ló wà níbi ìkọ̀wé: àyè fún orúkọ, àyè fún fọ́tò, àti àpótí ńlá kan tí wọ́n ń da gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù sí, bí ẹni tó ń rọ́ aṣọ ìdọ̀tí sínú agbọ̀n.

"Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ma."

Mo fi awò sójú. Lábẹ́ àpótí ńlá náà, ẹnìkan ti la àyè tuntun mẹ́ta, bíi ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún èèyàn kọ nílé ìwòsàn. Wọ́n kọ ọ́ sórí èkíní pé: Orúkọ tí à ń pè é nínú ilé. Sórí èkejì: Oúnjẹ tí kì í kọ̀. Sórí ẹ̀kẹta: Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

"Custom fields nìyẹn, ma. Èèyàn lè fi wọ́n kún editing screen, kí ohun kọ̀ọ̀kan lè ní àyè tiẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi kankan síbẹ̀. Mo kàn wọlé lánàá láti pààrọ̀ fọ́tò ni mo bá rí wọn."

"Lójú ewé ta ni?"

"Gbogbo èèyàn! Wọ́n ti kọ ìdáhùn sí i fún forty-one people. Ẹ tiẹ̀ tún wo eléyìí."

Ó ṣí ojú ewé ìkéde ìpàdé oṣù kẹfà. Àyè mẹ́ta náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n ń béèrè orúkọ tí à ń pe ìpàdé oṣù kẹfà nínú ilé, àti oúnjẹ tí kì í kọ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín. Olúwatọ́mi kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ẹni tó ṣe é kò sọ fún system pé ojú ewé èèyàn nìkan ni kó ti máa jáde," ó ní. "Ibi gbogbo ló wá ń jáde."

"Ṣé kò sí àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé?"

"Ó wà, ma. Account tí gbogbo ìdílé jọ ń lò ni wọ́n fi wọlé. Mo kọ password ẹ̀ sára bébà fún wọn níbi ìpàdé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni ẹni náà máa ń wá, láàárín aago mẹ́wàá sí aago méjìlá ọ̀sán."

"Kí ni Uncle yín fẹ́ ṣe?"

Omi dé sójú rẹ̀. "Ó ní tí mi ò bá mọ ẹni náà títí di aago méjì ọ̀sán Saturday, kí n pa gbogbo ìkànnì náà rẹ́, kí n má fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀. Mọ́mì Zion, ohùn bàbá bàbá mi wà níbẹ̀. Àwọn fọ́tò tó ṣẹ́kù lọ́dún tí omi wọ ilé wa, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà. Gbogbo ilé á sì máa sọ títí ayé pé èmi ni mo tà wọ́n."

Mo mọ ọdún tí omi wọ ilé yẹn dáadáa. Mo rí àwọn ìwé fọ́tò tí èèyàn tẹ́ sórí koríko níwájú ilé, tí ojú ìyàwó àti ọkọ ìyàwó ti ń ṣàn kúrò lórí bébà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo jókòó sínú mọ́tò iléeṣẹ́ tí mo sunkún kí n tó kọ ìròyìn mi. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó nujú, pé mo ti gba iṣẹ́ yẹn.

*

Dókítà Olúsọjí, tí Tọ́mi ń pè ní Uncle Sọjí, ni alága ìdílé. Ilé rẹ̀ ní Sugar Land tóbi débi pé èèyàn lè sọnù láàárín yàrá ìgbàlejò àti ibi ìjẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, ó gbó, ó tọ́, ẹ̀rín kì í sì í yá a.

"Mọ́mì Zion, ọ̀rọ̀ eré kọ́ lèyí o," ó ní. "Orúkọ ìnagijẹ, oúnjẹ tí èèyàn fẹ́ràn. Ohun tí wọ́n fi ń ṣí account oní-account gan-an nìyẹn. Ẹ wo tèmi."

Ó tẹ ojú ewé tirẹ̀ síwájú mi. Lábẹ́ orúkọ tí à ń pè é nínú ilé, wọ́n kọ Ajíṣafẹ́ síbẹ̀.

Mo wo dókítà, mo wo tàbìlẹ́ẹ̀tì. Mo pa ẹ̀rín mọ́nú.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ó yẹ yín," ó ní. "Orúkọ yẹn, ó ti lé ní ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Òun sì ni ìdáhùn ìbéèrè àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí ímeèlì mi!"

Mo wá rí ìdí tí ojora fi mú un.

"Ta ló sọ yín lórúkọ náà?"

"Mi ò rántí. Gbogbo agbo ilé ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ ní Ìkìrun. Mo kéré nígbà náà." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Wọ́n ní mi ò ní í jáde láàárọ̀ àfi tí wọ́n bá fi páúdà sí mi lọ́rùn àti láyà. Tí wọn ò bá fi sí i, màá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni."

"Ta lẹ wá fura sí?"

"Ẹni méjì. Paul, tí Tọ́mi fẹ́ fẹ́, iṣẹ́ ìkànnì niṣẹ́ ẹ̀. Àti Fúnṣọ́, àbúrò mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe alága, kò kí mi mọ́."

Bí mo ṣe ń jáde, mo bojú wẹ̀yìn. Dókítà ṣì ń wo orúkọ yẹn lórí tàbìlẹ́ẹ̀tì.

*

Ọmọ Amẹ́ríkà ni Paul, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "jọ̀lọ́ọ̀fù" lọ. Mo bá a nílé rẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo tú u sí Yorùbá níbí.

"Níbo lo máa ń wà láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀?"

"Ilé. N kì í lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì."

"Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fi àyè kún ojú ìkọ̀wé?"

"Ìṣẹ́jú márùn-ún ni màá fi ṣe é, ma." Ó fa kọ̀ǹpútà mi sọ́dọ̀, ó wo àkọsílẹ̀ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́músẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ wo eléyìí. Ìgbà mẹ́ta ló dá àyè àkọ́kọ́ yẹn, ó pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sẹ̀ kejì ló tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀. Èmi, kóòdù ni mo máa ń kọ. Ẹni yìí ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹni tó ń ka ìwé ìtọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni."

"Àlàyé wo ló kọ sábẹ́ rẹ̀?"

Ó fi hàn mí. Lẹ́tà wínníwínní ni: Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ẹni tó bá yín nílé.

Paul bi mí ohun tó túmọ̀ sí. Mo sọ fún un, ó sì ní kò jọ ọ̀rọ̀ olè. Ó tún fi ohun kan hàn mí kí n tó dìde. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni àlejò náà ṣí i, tó kọ ọ̀rọ̀, tó sì fi í pamọ́. Àfi ojú ewé kan ṣoṣo. Ìgbà mọ́kànlá ló ti padà síbẹ̀. Ti olóògbé Ọlátúnbọ̀sún ni, àkọ́bí ilé náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Ẹ̀bùn. Oúnjẹ tí kì í kọ̀ wà níbẹ̀: iyán ọ̀sán tó ti tutù. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín wà níbẹ̀: kí àwọn ọmọdé máa du iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí à ń pè é nínú ilé ṣófo.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Irọ́ ni.

*

Fúnṣọ́ ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe lẹ́yìn ilé oníbàárà kan nínú oòrùn ọ̀sán. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni, òun ni àbíkẹ́yìn bàbá wọn.

"Fúnṣọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ní ìwọ lo wọ ìkànnì."

Ó ju ìrẹ́ǹṣì sílẹ̀. "Èmi? Kí ni mo wá débẹ̀? Àǹtí Mojọlá, ẹ wò ó o, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀!" Ó fa fóònù yọ, ó sì ń fi ìka tó ti dọ̀tí tẹ̀ ẹ́. "Bọ̀dá Gbóyèga: Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣé ẹ mọ Bọ̀dá Gbóyèga? Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọlé! Àǹtí Màríàm: Eyínfúnjowó. Bọ̀dá Sọjí: Ajíṣafẹ́. Ẹ wá wo tèmi."

Mo wò ó. Orúkọ tí à ń pè é nínú ilé: Fúnṣọ́.

"Fúnṣọ́ lásán!" ó ní. "Abeg, ṣé èmi kì í ṣe ọmọ ilé ni? Gbogbo wọn ní orúkọ dídùn, èmi nìkan ni wọ́n pè bí ẹni ń pe aláàárù."

Àgbàlagbà ọkùnrin, ọ̀rọ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Mo rọra sọ fún un pé kó ka ìyókù.

"Oúnjẹ tí kì í kọ̀: ọ̀jọ̀jọ̀. Ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín." Ó gbé fóònù sún mọ́ ojú. "Kí wọ́n pọ̀n ọ́n lọ sínú òjò."

"Ta ló ń pọ̀n ọ́ lọ sínú òjò?"

"Mi ò mọ̀," ó ní, ó sì tún un kà. "Mi ò mọ̀, ma. Ìyá wa ò jẹ́ kí òjò pa wá."

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo tẹ́ bébà sórí tábìlì ìjẹun. Mo kọ orúkọ àwọn mọ́kànlélógójì sílẹ̀ bí wọ́n ṣe dàgbà sí, àti ọjọ́ tí wọ́n bí ẹnìkọ̀ọ̀kan. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó ní orúkọ dídùn.

Àwọn ìlà pupa náà kò fọ́n káàkiri. Òkè ni gbogbo wọn wà, wọ́n sì dáwọ́ dúró lójijì. Ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó ní orúkọ dídùn, oṣù kẹjọ ọdún 1974 ni wọ́n bí i. Ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn tí wọ́n kàn pè bí wọ́n ṣe ń jẹ́, oṣù kejì ọdún 1975 ni. Yàtọ̀ sí àyè Bàbá Ẹ̀bùn tó ṣófo, kò sí ẹyọ kan tó yà kúrò níbẹ̀.

Mo gbé tíì mi kalẹ̀. Etí mi gbọ́ ohùn ìyá mi.

Ẹdẹ ni wọ́n ti bí mi. Bàbá mi ní àbúrò kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, ọmọ tí imú rẹ̀ kì í gbẹ. Láràárọ̀ ni ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí i: "Ọlọ́lá mi, ẹ káàárọ̀." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn pè é ní Wàsíù. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní, "Èmi ni mo bá a nílé. Ọkọ mi ni." Ẹni tí ìyàwó bá nílé, ìbáà ṣe ìkókó, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, yóò wo ìrìn rẹ̀, eyín rẹ̀, àṣà ọwọ́ rẹ̀, yóò sì fi sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó dé, ọmọ tirẹ̀ ni, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni yóò máa pè é.

Ó dùn mí bí mo ṣe jókòó síbẹ̀. Ìlú yìí ni mo ti lọ́kọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi, orí fóònù ni mo ti mọ̀ wọ́n, orúkọ wọn gan-an ni mo sì ń pè wọ́n, "Kúnlé, how far?" Kò sí ẹyọ ọmọ kan láyé yìí tó ń jẹ́ orúkọ tí mo sọ ọ́ nítorí pé ó wù mí bó ṣe ń rìn.

Ó ku kí n mọ ìyàwó tó wọ ilé Oyèédélé láàárín oṣù kẹjọ 1974 sí oṣù kejì 1975. Mo ṣí ìkànnì náà fúnra rẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló wà láyé nínú àwọn ìyàwó àgbà. Èkíní wọlé ní 1968, ẹ̀kẹta ní 1981. Èkejì wọlé nínú oṣù Kejìlá ọdún 1974. Aya Ọlátúnbọ̀sún ni: Ìyá Ẹ̀bùn.

*

Ìyá Ẹ̀bùn ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Humble, níbi tí bàálù ti ń fò lọ lókè òrùlé bí ẹni fẹ́ bà á. Ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni mo dé ibẹ̀. Ẹ̀bùn ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá jókòó sídìí fèrèsé, ìwé kan wà lórí itan wọn.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, ma. Mo wá kí akẹ́kọ̀ọ́ ni."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Zion. Mo ti ń wòye pé wọ́n á rán ẹnìkan wá. Ta ló sọ fún ọ?"

"Fúnṣọ́ ni. Ó ń bínú pé wọn ò fún òun lórúkọ."

"Orúkọ wo?" Wọ́n gbé ọwọ́ lérí. "Ọmọ mi ni Fúnṣọ́! Ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí mo délé kí wọ́n tó bí i. Ẹ̀yìn mi ló gbé dàgbà. Ọmọ yẹn, bí òjò bá ti ṣú, á dì mọ́ mi lọ́rùn, àfi kí n pọ̀n ọ́n jáde. Màmá wọn á máa pariwo, àwa méjèèjì á sì ti wà láàárín agbàlá."

Wọ́n ní ilé ìkàwé ìjọba tó wà ládùúgbò ló ń kọ́ àwọn àgbà ní kọ̀ǹpútà ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Olivia lorúkọ ẹni tó ń kọ́ wọn. "Ó ní kí oníkálùkù mú ohun tó fẹ́ràn wá ṣe. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe ti òdòdó àti ajá. Mo mú bébà tí Tọ́mi kọ password sí lọ."

"Ìpàdé oṣù kẹfà náà ti ń jẹ oúnjẹ, ma."

"Mo rí i!" Wọ́n bo ojú. "Mi ò mọ bí mo ṣe máa yọ ọ́. Olivia ò tíì kọ́ wa dé ibẹ̀."

Mo jẹ́ kí ẹ̀rín náà tán. "Ma, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni? Wọ́n fẹ́ pa ìkànnì náà rẹ́ lọ́la. Wọ́n ní Tọ́mi ló tà wọ́n."

Ojú wọn yí padà. Ó dájú pé wọn ò mọ̀. Wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ ìwé orí itan wọn.

"Dókítà mi ní iyè mi ti ń lọ," wọ́n ní. "Ẹ̀bùn nìkan ló mọ̀. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ọmọ ìjọ ló ń gbé mi lọ sí kíláàsì. Bí mo bá sọ fún àwọn yòókù, gbogbo ìgbà tí mo bá lanu ni wọ́n á máa wo ojú ara wọn."

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ àyè tuntun lẹ là? Àpótí ńlá yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Nínú àpótí ńlá yẹn, bí mo bá gbàgbé nǹkan, ta ni yóò mọ̀? Ọ̀rọ̀ á ṣáà kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá la àyè sílẹ̀, tí mo kọ orúkọ sí i lórí, tí mi ò wá rí nǹkan fi sí i, mo mọ̀ pé èyí ti lọ nìyẹn. Mo fẹ́ mọ èyí tó ti lọ, kí n lè yára kó èyí tó kù."

Mo rántí ìgbà mọ́kànlá. "Ti Bàbá Ẹ̀bùn ṣófo. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni, pé ẹ ò fẹ́ dárúkọ ọkọ yín."

"Ọ̀wọ̀ kẹ̀? Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nílé ọkọ kí n tó bí Ẹ̀bùn. Kí lo rò pé mò ń pè é ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nígbà tí kò tíì sí Bàbá Ẹ̀bùn tí mo lè pè? Mo ní orúkọ tí mò ń pè é. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ ọ́. Mo rántí orúkọ àwọn àbúrò rẹ̀, mo rántí ti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Tiẹ̀ nìkan ni mi ò rí mọ́."

Wọ́n ń sunkún láìpariwo. Mo sún mọ́ wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, èmi náà sì ń sunkún. N kò ní ọgbọ́n kankan tí mo lè fi yanjú ìyẹn.

Nígbà tó yá, wọ́n nujú. "Tọ́mi kò gbọdọ̀ jìyà ohun tí mo ṣe. Wá gbé mi lọ́la. Èmi fúnra mi ni màá sọ fún wọn."

*

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé Sugar Land. Àwọn ará ìdílé ti kún yàrá ìgbàlejò. Olúwatọ́mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ jẹ́jọ́, Fúnṣọ́ sì fẹ̀yìn ti ògiri lọ́ọ̀ọ́kán.

Ìyá Ẹ̀bùn kúnlẹ̀ níwájú Dókítà Olúsọjí. "Ẹ káàsán, ọkọ mi. Èmi ni olè tí ẹ ń wá."

Dókítà sáré gbé wọn dìde. Wọ́n sọ ohun gbogbo, láti orí Olivia dé orí ohun tí dókítà wọn sọ. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì. Nígbà tí wọ́n dé orí ọ̀rọ̀ òjò, Fúnṣọ́ rìn wá láti ìdí ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì gbé orí lé wọn lórúnkún. Dókítà na ọwọ́, ó gbé e lé èjìká àbúrò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí ọ̀rọ̀ alága mọ́.

"Tọ́mi," Dókítà ní, "má pa nǹkankan rẹ́. Dárí jì mí."

Lẹ́yìn náà ló bi Ìyá Ẹ̀bùn léèrè ohun tó kù. Wọ́n sọ fún un nípa àyè tó ṣófo. Dókítà gba kọ̀ǹpútà, ó ṣí ojú ewé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo fọ́tò náà: ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tó gbá kẹ̀kẹ́ mú, pẹ̀lú iná kékeré níwájú kẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹ máa ń rán mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Mo tó ọmọ ọdún márùn-ún, mẹ́fà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ẹ bá ti ro ọbẹ̀ tán, ẹ máa ní kí n lọ dúró lójú títì, kí n máa wo iná kẹ̀kẹ́. Bí mo bá ti rí i, màá sáré padà wá, màá máa pariwo ẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà."

"Kí lẹ máa ń pariwo?" Ìyá Ẹ̀bùn bi í.

Dókítà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ sínú àyè náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, ó fi í pamọ́, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí wọn.

Amúnáwálé.

Ìyá Ẹ̀bùn kà á. Wọ́n tún un kà, ètè wọn ń lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n pè é sókè, ohùn náà sì jáde tuntun, bí ohùn ìyàwó ọ̀ṣìngín tó dúró láàárín agbàlá. Wọ́n gbójú sókè wo ọkùnrin onírun funfun tó wà níwájú wọn.

"Ajíṣafẹ́, ọkọ mi," wọ́n ní, "ẹ bá mi lọ wò ó lójú títì, bóyá ó ti ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá eré ni wọ́n ń ṣe. Dókítà Olúsọjí dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú títì.